Orí Pupa Ara Búrọ́ọ̀ṣì Oníná

Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1958

Oníná dé láti Ìbàdàn lánàá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Oníná ni mo ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí. Nínú ilé, n kì í pè é ní ohunkóhun. Mo kàn máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó lè mọ̀ pé òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wáyà iná ló ń ṣe nílé àwọn òyìnbó. Òun ló ní kí n máa kọ nǹkan síbí kí Sìtáńdáàdì mẹ́ta tí mo kà má bàa fò lọ.

Ó mú nǹkan kan wá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ń lo iná. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ló fún un nígbà tó ń padà sí ìlú wọn. Ó funfun, ó gùn tó ọmọ ọlọ, wáyà wà nídìí rẹ̀ bí ìrù eku. Orí rẹ̀ ṣeé yọ. Orí mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú páálí rẹ̀, wọ́n yà wọ́n sára ìdérí: pupa, aláró, aláwọ̀ ewé, àti ọ̀kan tó rí bí ìyeyè tó pọ́n. Mẹ́ta ni mo rí. Àyè ti ìyeyè ṣófo. Mo fọwọ́ kan ojú ibẹ̀. Ó ní ó ti sọ nù.

Orí kan fún ẹnì kan, bó ṣe wí nìyẹn. Aláró ni tirẹ̀, pupa ni tèmi. Mo bi í pé ta ni yóò ni èyí tó kù. Ó wolẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń tì í lójú. Ojú ti èmi náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Kò sí iná ní Ìwó. Ńṣe ni búrọ́ọ̀ṣì náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú agboolé. Ìyá Agogo gbé e sókè, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n létí. (Ìyá ọkọ mi nìyẹn. Àwọn ni wọ́n ń jí gbogbo wa kí ládàánì tó jí.)

"Mùrí, kí ló ń jẹ?"

"Iná ló ń jẹ, Ìyá."

"Ohun tó ń jẹ iná, òun lo fẹ́ kì bọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bèèrè bóyá irun ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló wà lórí rẹ̀. Oníná búra pé ọ̀rá ni, kì í ṣe irun ẹran kankan. Ìyá ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n kó má gbé e sún mọ́ kẹ́tùlù àlùwàlá àwọn.

Ó padà lọ lọ́sàn-án. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ, kò kúkú wúlò níbí. Orí pupa ló fi sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tí a ń tẹ̀ nídìí kó tó jáde lẹ́nu. Ó ní bí òun bá ti tún yàrá ṣe tán, kí n mú orí mi dání máa bọ̀.

Mo wúkọ́. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní láìpẹ́.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹwàá

Mò ń rò ó.

Oníná ní bí iná bá ti wọ inú rẹ̀, ó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ bí ìyẹ́ oyin. Ọwọ́ kì í ro ni. Ó ń dé ìdí erìgì lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí orín kì í dé. Òyìnbó yẹn ti hewú, gbogbo eyín rẹ̀ ló pé. Ìyẹn dára.

Ṣùgbọ́n orín — igbó ọ̀nà Kuta ni wọ́n ti ń gé e, wọ́n ń kiri rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Run ún tán, jù ú nù. Kò bèèrè wáyà, kò bèèrè yàrá ní Ìbàdàn. Orín lẹ́nu, ènìyàn lè gbálẹ̀, ó lè pọnmi, ó lè kọjá láàárín agboolé tó kún fọ́fọ́, kò sí ẹni tí yóò ní kó sọ̀rọ̀, torí a kì í kí àgbà láìtíì fọ ẹnu tán. Fún irú èmi yìí, ìyẹn ju eyín funfun lọ. Àárọ̀ mìíràn wà tí mo máa ń run orín títí oòrùn á fi ta.

Síbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì náà ni mo fẹ́. Kì í ṣe torí eyín. Ibi tí iná bá wà ni Oníná wà.

Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá

Kò wá.

Àtìní, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fi òwú di orí pupa mọ́ ẹ̀là orín kan kí n lè máa fi ọwọ́ ara mi gbọ̀n ọ́n. Ó kéré lẹ́nu, ó rọ̀. Ọṣẹ yẹn ló le. Ó ta bí ata, ó sì tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń hó. Mo tutọ́, tutọ́, tutọ́ lẹ́yìn balùwẹ̀ títí ojú mi fi pọ́n. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Agogo dúró lẹ́bàá ògiri. Wọ́n wo ilẹ̀ tí mo tutọ́ sí.

Lọ́sàn-án wọ́n bu orí ẹja àrọ̀ fún mi. Orí ẹja. Àwọn fúnra wọn ló ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àlàmísì, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọra tọ̀ mí wá nídìí omi. Ṣẹ̀fíátù ni, àbúrò Oníná, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nílé ọkọ kí ìyàwó tó dé, ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀, kó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ ni à ń sọ wọ́n. Mẹ́ta ni ìyá mi kó fún mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀. Ṣẹ̀fíátù gba Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba Ìdílẹ̀kẹ̀. Eyínfúnjowó ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó bá a mu níbí, obì ti ba ẹnu gbogbo wọn jẹ́.

Ó ní, "Ìyàwó, a ti gbọ́ o."

Mo ní kí lẹ gbọ́.

"Ìyá ní itọ́ àárọ̀ kì í parọ́. Wọ́n ní ẹ ti ń tu ú láti ọjọ́ Àtìní."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Wọ́n ní mo lóyún. Ó yẹ kí n sọ lójú ẹsẹ̀ pé ọṣẹ ni. Orín wà lẹ́nu mi. Mo ń wá bí n óò ṣe sọ ọ́, ó ti gbé omi rẹ̀ lọ, ó ń kọrin.

Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìyá Agogo ti rán Àkànbí awakọ̀ sí Oníná, pé kó wálé wá gbọ́ ohun rere. Mo lè sọ fún wọn lónìí. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Mi ò sọ.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kò wá. Àkànbí ní òun jíṣẹ́. Ó ní ńṣe ni Oníná jókòó sílẹ̀ nígbà tó gbọ́, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Àtàláátà, ọgbọ̀njọ́

Nǹkan oṣù mi dé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí mo bá kírun báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí mi ò bá kírun, Ìyá á mọ̀. Ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo máa ń tò sí. Mo jókòó sórí àpótí nídìí àdògán, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké kéú. Wọ́n sálámà tán. Wọ́n wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn wọn ṣófo.

Mo kúnlẹ̀. Mo tú ìdí ìró mi, mo kó orí pupa àti ọṣẹ náà síwájú wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n tẹ díẹ̀ sórí ìka, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n tutọ́. Wọ́n tún tutọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ojú wọn yí padà.

"Ràhámọ̀tù, ọkọ tó jókòó sí Ìbàdàn kì í fún ìyàwó tó wà ní Ìwó lóyún. Bó ti pè ọ́, bí kò pè ọ́, múra."

Àlàrùbá, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọkitóbà

Mò ń di ẹrù. Ìyá Agogo mú ìdì orín méjì wá. Ọ̀kan nípọn bí èyí tí à ń lò. Ìkejì tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n ń gé fún ọmọdé. Mo bèèrè pé ta ló ni tín-ín-rín yìí. Wọ́n ní kí n ṣáà mú un lọ.

Lẹ́yìn náà wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. "Ohun tó o bá bá níbẹ̀, ìwọ ni ìyàwó ilé. Má yára padà."

Àdúrà ọmọ ni mo kà á sí. Mo ṣe àmín. Orí pupa wà nínú aṣọ ìnujú, láyà mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè jẹun.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹta. Ìbàdàn

Àkànbí fúnra rẹ̀ mú mi dé Mọ́kọ́lá. Oníná wà níbi iṣẹ́. Ìyá onílé ṣílẹ̀kùn fún mi, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "ẹ pẹ̀lẹ́", bí ẹni ń kí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Yàrá kan. Ibùsùn. Gílóòbù lókè àjà. Mo tẹ nǹkan ara ògiri, ó tàn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní nínú ara mi pé ilé mi nìyí.

Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì pẹ̀lú páálí rẹ̀. Mo yọ orí pupa láti fi sí àyè rẹ̀. Àyè ti ìyeyè kò ṣófo. Orí ìyeyè wà níbẹ̀. Mo mú un. Omi ṣì wà lára rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ń ro obìnrin. Mo ń ro bí eyín rẹ̀ yóò ṣe funfun tó.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọ kan fi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ọmọbìnrin, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ eyín. Ọṣẹ ṣì wà létí ẹnu rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi, ó sì gba nǹkan náà.

"Tèmi ni."

Imú Oníná. Iwájú orí Oníná. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa sọ fún mi.

Sátidé, ọjọ́ kẹrin

Àrínọlá ni wọ́n ń pè é. Wọn ò so yìgì fún Oníná àti ìyá rẹ̀. Ìyá náà bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásí, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ìyá onílé ló ń bá a tọ́jú ọmọ bó bá lọ síbi iṣẹ́.

Oníná ní, "Alfa ni bàbá rẹ. Bí mo bá sọ, ṣé wọ́n á fi ọ́ fún mi?"

Wọn ò ní fi mí fún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní nígbà tí Àkànbí jíṣẹ́ oyún, òun ò lè kojú àtiwálé. Òmíràn ń bọ̀, òun ò tíì sọ ti èyí tó wà. Mo sọ fún un pé kò sí oyún, ọṣẹ ni. Ó fọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Mo ní, "Mùrítàlá, o sọ fún mi pé ó ti sọ nù."

Mi ò wúkọ́ kí n tó sọ ọ́. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi. Ilẹ̀ ò lanu. Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ kéré.

Ìyá mọ̀. Orín tín-ín-rín yẹn. Wọ́n mọ̀, wọ́n ní kí n má yára padà.

Àkànbí á kọjá níbí láàárọ̀ ọ̀la. Mo lè bá a lọ sílé bàbá mi. Wọ́n á gbà mí. Ẹrù mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò tú u.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Iná lọ láàárọ̀ yìí. Oníná jáde lọ wo ibi tó ti já. Mi ò tíì dárí jì í — mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa gbàgbé nígbà tó bá ń ṣe dáadáa.

Ọmọ náà dúró nídìí tábìlì. Ó tẹ ẹ̀rọ náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sétí bí Ìyá Agogo ti ṣe gẹ́lẹ́. Ó wò mí. Kò lè kí mi, kò tíì fọ ẹnu. Ọwọ́ ló fi bo ẹnu. Mo mọ irú ìbonu bẹ́ẹ̀. Eyín méjì iwájú rẹ̀ ti dúdú.

Mo tú ẹrù. Ìdì orín tín-ín-rín náà nìkan ni mo fẹ́ mú, ṣùgbọ́n abẹ́ pátápátá ló wà, mo ní láti kó gbogbo aṣọ mi jáde.

A jókòó sẹ́nu ọ̀nà, orín lẹ́nu àwa méjèèjì. Mo fi hàn án: jẹ ẹ́ kó rọ̀. Ibí yìí. Jẹ́jẹ́. Tutọ́. Àkànbí fun fèrè nígboro. Ó tún fun ún. Ọmọ náà wo ojú mi. Mo wo orín ọwọ́ mi títí ìró lọ́rì náà fi lọ tán.

Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì pe orúkọ òun. Mo ní mi ò lè pè é. Ó ti wà nílé yìí kí n tó dé, àgbà mi ni.

"Kí lẹ máa wá máa pè mí?"

Mo wo eyín dúdú méjèèjì.

"Eyínfúnjowó."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé láti bo ẹnu. Ó ní kí ni òun náà yóò máa pe èmi. Mo ní ìyàwó ni kó máa pè mí, bí gbogbo ará ilé.

Gílóòbù tàn lẹ́yìn wa. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì, ó ń kùn bí oyin, kò sí ẹni tó rántí pa á.

"Ìyàwó, iná ti dé."

Mo ní mo rí i.

Kò sí ẹni tó dìde nínú àwa méjèèjì.