Èmi Ni Mo Yí Wáyà Jìtá Rẹ

Òkè Padre,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́.

Morádéyọ̀, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí o wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé ẹ ń jẹun, ṣé ẹ sì ń rí oorun sùn? Àwa náà ń mí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o yéé mu gàrí ní oúnjẹ ọ̀sán. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Mo mọ ara mi ni. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, màá béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín, ìwọ náà á ní "Ó rọ̀, sà," a ó dágbére, ohun tí mo fẹ́ sọ á sì tún há sí mi lọ́fun. Ó ti há síbẹ̀ láti Ìkórè èṣí.

Ọ̀rọ̀ Ìkórè náà gan-an ni. O rò pé ọwọ́ rẹ ló gbàgbé orin lójú gbogbo ìjọ. Ọwọ́ rẹ kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo yí wáyà jìtá rẹ.

O mọ iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì: kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa ń lọ káàkiri àwọn ohun èlò orin, tí màá mú ohùn wọn bá ti dùùrù dọ́gba. Ọdún kọkàndínlógún rèé. Lọ́jọ́ yẹn, o gbé jìtá rẹ ti ògiri, o lọ wọ sùtánà. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbọ́ pé wáyà mẹ́ta ti rọ̀ wálẹ̀. Mo mi orí. Mo ní ọmọ yìí ò tíì gbọ́n. Mo fà wọ́n sókè bí wọ́n ṣe kọ́ èmi, mo gbé e padà síbi tí o gbé e sí. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo ṣe ọ́ lóore.

Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, tí ohùn yẹn jáde wúruwùru, o wo ọwọ́ òsì rẹ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. O tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gba jìtá lọ́wọ́ rẹ, mo parí orin náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi! Kí n tó dé ẹsẹ̀ kejì ni mo ti rántí ohun tí o sọ fún mi nílé nígbà kan: "Dádì, mo ní bí mo ṣe ń yí tèmi." Mo sì ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, mo ní jìtá kì í ṣe ọbẹ̀ tí kálukú ń sè bó ṣe wù ú. Mo mọ̀, Morádéyọ̀, mo sì dákẹ́. Nígbà tí a délé tí o ní o ò fọwọ́ kan jìtá mọ́ láyé, "Má sọ bẹ́ẹ̀" nìkan ni mo sọ, mo sì jókòó ti ìrẹsì Ìkórè mi. Mo jẹ ẹ́ tán o. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Ní oṣù tó kọjá, Esther ọ̀rẹ́ rẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ, ó wá wo ìjókòó mọ́tò bàbá rẹ̀ tí mò ń rán. Orin kan ń dún nínú fóònù rẹ̀. Mo ní, "Esther, àwọn wo ló ń lu jìtá méjì yìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Jìtá méjì kẹ̀? Morádéyọ̀ nìkan ni, sà. Ó ti pẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi."

Jàmíù tó ń ṣe bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́. Ó ní, "Bàbá Morá, ẹ gbé etí yẹn wá kí n bá yín gán an."

Mi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Àtàǹpàkò rẹ ń rìn nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń gun òkè Mápó láìkánjú, àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń dá ọ̀rọ̀ tiwọn sọ lókè. Mo ní kí Esther tún gbé orin náà sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbé e sí i. Ó wá fi bí o ṣe kọ ohùn wáyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ránṣẹ́ sí i hàn mí, ní dò-rè-mí, láti èyí tó nípọn jù: s d s d m s.

Mo gbé jìtá tèmi jáde láti dán an wò. Ẹ̀rù bà mí bí ọmọdé. Èyí tó yẹ kí n dẹ̀, mo fà á, ó já, ó gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Jàmíù ní, "Ó kù díẹ̀!" Mo ra wáyà tuntun ní Ògùnpa, mo dẹ mẹ́ta bó ṣe yẹ. Mo wá fi ọwọ́ gbá gbogbo wọn láìtẹ nǹkan kan, àwọn wáyà náà sì dáhùn bí akọrin tó mí pọ̀. Mo na ìka kan ṣoṣo lé gbogbo wáyà níbi irin karùn-ún lọ́rùn jìtá, mo bá ohùn fá níbẹ̀. Níbi irin keje, sọ́. Ìka kan! Àwọn ìka yòókù tí mo ti ń ká pọ̀ láti ìgbà èwe mi wá ní àyè láti máa rìn. Ìdí tí ìwọ fi di èèyàn méjì nìyẹn. Mo rò pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni Ọlọ́run ṣe dá a. Ọmọ ogún ọdún sì ti dẹ wáyà mẹ́ta, ó ti rí ilé mìíràn nínú ilé tí mò ń gbé láti ọjọ́ yìí.

Lánàá, mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ akọrin. Bàbá Adéníyì, ọ̀gá akọrin, ní, "Arákùnrin Obed, ẹ sì jẹ́ ká máa sọ fọ́mọ náà pé kó lọ gbàdúrà lórí ìbẹ̀rù!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá wàá lu jìtá ní Ìkórè tó ń bọ̀. Mo ní ẹ má bi mí, mi ò lẹ́nu níbẹ̀.

Mi ò ní kí o dárí jì mí kíákíá, mi ò sì ní kí o gbé jìtá torí pé mo kọ lẹ́tà. Bí o bá gbé e, bí o ò gbé e, kí o ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ rẹ mọ ohun tó ń ṣe. Mo ti gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ fún ọdún kan; gbà á padà.

Olúwa yóò ṣọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù tí o ti ń kọ́ṣẹ́. Àwọn tí o bá fọwọ́ kàn yóò rí ìwòsàn. Wàá ga jù mí lọ, ojú mi yóò sì rí i.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ láìgba àyè,
Obed.

Mo tún rántí: ní ẹsẹ̀ kẹta orin inú fóònù Esther, níbi tí ó ti yà bí ẹni fẹ́ sunkún, ohùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí. Mo ti wá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìka wo lo fi tẹ̀ ẹ́, lórí wáyà wo? Bí o kò bá bínú, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí o bá ń bínú, bínú, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ṣáà kọ ọ́.