Páìpù Afẹ́fẹ́ Inú Mọ́tò Bàbá

Òpópónà Ìlàjẹ,
Bàrígà, Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 2000.

Tẹniọlá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé òtútù Jọ́ọ̀sì kò tíì dá ikọ́ rẹ padà. Ara tiwa le, a dúpẹ́.

Yísà mẹkáníìkì ti tú ẹ́ńjìnnì pikọ́ọ̀pù Bàbá. Ródì kan, ọ̀pá irin tó so mọ́ kránkì, ti tẹ̀ níbẹ̀. Kránkì, ìyẹn irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, wà ní Múṣin lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí yóò wò ó bóyá òun náà ti wọ́. Bí kò bá wọ́, a ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Bí ó bá wọ́, ó parí nìyẹn, Bàbá sì ti ní àwọn yóò padà sílé, sí Ayétòrò.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìlà epo gùn dé Ọbáníkòró, Wàhábì tó ń ta páàtì tòkunbọ̀ ní Bajulaiye wá bá Bàbá létí omi, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹja sọ́kọ̀. Ó mú páìpù kan tó ń dán lọ́wọ́, fíltà pupa tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀ bí olú. Ó ní kí wọ́n yọ àpótí fíltà tó bá mọ́tò wá, kí wọ́n fi èyí rọ́pò rẹ̀, pé epo tí mọ́tò ń mu yóò dínkù, eré rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tó mú Bàbá ni èyí: "Bàbá, mọ́tò yín ń mí bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò nímú. Ẹ jẹ́ ó mí." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

O mọ̀ mí, mo ní ká dán an wò. Mo wa mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àpótí àtijọ́, mo padà, mo rọ epo kún táńkì, mo wo iye tó gbà. Nígbà tí Yísà ti gbé páìpù sí i, mo tún ọ̀nà kan náà rìn. Iye epo kan náà ló gbà, eré rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Fíltà àtijọ́ mọ́, ẹ́ńjìnnì ti ń rí afẹ́fẹ́ tó nílò tẹ́lẹ̀. Ariwo nìkan ló yí padà. Bí ènìyàn bá tẹná, á máa bú ramúramù, débi pé Àlímì, òǹtẹ̀wé Bajulaiye, ń kí Bàbá pé, "Ẹ kú àbọ̀ o, awakọ̀ òfuurufú." Bàbá ní agbára ni ariwo yẹn. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí, wọ́n ní, "Ìwé lo kà. Èmi ni mò ń wà á."

Bí oòrùn bá mú, mọ́tò tilẹ̀ ń fà tìkọ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni fíltà náà wà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fà. Bàbá ṣàkíyèsí rẹ̀, wọ́n pe Wàhábì. Ó so páìpù mìíràn mọ́ ọn, ó sì gbé fíltà lọ sísàlẹ̀, sẹ́yìn bọ́ńpà iwájú, níbi tí atẹ́gùn tútù wà. Lóòótọ́, ìyẹn dára díẹ̀. Bàbá wò mí, wọ́n tẹná, mọ́tò bú ramúramù.

O rántí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn omi. Nígbà òjò, kí wọ́n tó wọ àgbàrá, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ bí a ti ń ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi nílé. Wọ́n fi ọ̀bẹ fá àmì kan sí i lára: bí omi kò bá dé ibẹ̀, mọ́tò á kọjá. Kò tàn wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí láti òkè ni wọ́n fá àmì náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òjò kún ojú títì ní Pedro. Èmi àti Bàbá la wà nínú mọ́tò, ẹja kún ẹ̀yìn. Wọ́n ki ọ̀pá. Omi kù díẹ̀ kó kan àmì. Ọkùnrin kan létí títì ní, "Bàbá, ẹ ò rí omi ni?" Wọ́n dá a lóhùn pé, "Inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí." Àárín la dé tí fíltà fi mu omi. Ẹ́ńjìnnì dún gbàù lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Bàbá tún yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò yí. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbé e lé itan. Omi ń wọlé sí wa lẹ́sẹ̀.

Wàhábì wá sílé. Ó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé, Bàbá ní kó jókòó jẹun. Ìgbà tó lọ tán ni wọ́n sọ fún mi pé, "Dọlápọ̀, bí n kò bá mọ omi wọ̀n mọ́, kí ni mò ń ṣe l'Ékòó?" Láti ìgbà tí Ìyá ti kú, ẹja yìí ló ń jí wọn láàárọ̀. Ìwọ náà sì mọ̀ pé òkun ti gbé ibi tí ilé wa wà l'Áyétòrò lọ.

Mo ti gbìyànjú láti bínú sí ẹnì kan, ìbínú kò wá. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀, mò ń jẹun láì mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀.

Kí Olúwa pa ìwọ àti ilé rẹ mọ́. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ, kí a sì fi ayọ̀ fojú kan ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Dọlápọ̀ Ikúmápàyí.

Àfikún: Yísà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Múṣin dé. Wọ́n ti fọ kránkì, ojú lásán kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Orí ẹ̀rọ tó ń yí i ni wọn yóò gbé e sí kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ṣì gún, iná mànàmáná ni ẹ̀rọ náà sì ń lò. Bàbá ti gbé àpò aṣọ wọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń lẹ lẹ́tà yìí pa, iná kò tíì dé.