Ọjọ́ Tí Ìjọba Yà Sọ́tọ̀ fún Télọ̀ Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ìwé yìí bá ọ láyọ̀? Àwa náà wà. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní ìlú ńlá tí ènìyàn ò ti mọ ẹni tó múlé tì í, kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Eyín tó ń dùn wọ́n ti san, àmọ́ wọn ò tíì yé kùn, ó ti mọ́ wọn lára.

Ọ̀rọ̀ tó gbòde nílé báyìí ni ti ọjọ́ tuntun tí ìjọba dá sílẹ̀, pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa fi rántí àwọn tí wọ́n pa nípakúpa, àti àwọn tí wọ́n kórìíra dójú ikú nítorí ibi tí wọ́n ti wá. Àwa mọ̀ pé nítorí télọ̀ wa ni. O rántí rẹ̀, àjèjì tó ń sọ èdè wa bí ẹni tí òkúta wà lẹ́nu rẹ̀, òun ló rán aṣọ ilé-ìwé rẹ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi àdúgbò ni wọ́n wá tì, ẹnì kan kígbe olè, wọ́n ní ta ni ì bá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe àjèjì. Kí ọlọ́pàá tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe ni wọ́n padà ti rí i.

Nígbà tí ọjọ́ náà kò, bàbá rẹ lọ sí báńkì, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹni tó ń ṣọ́nà ní nítorí àwọn òkú ni. Bàbá rẹ ṣí fìlà, wọ́n kí i kú ará-fẹ́ra-kù, wọ́n ní kó bá àwọn kí ọ̀gá báńkì náà, kí wọ́n má barajẹ́ jù. Wọ́n délé, rédíò ní ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, lòun náà bá dákẹ́. A ṣe bí ó ti bàjẹ́ ni. Bàbá rẹ gbá a létí, wọ́n mì í, díẹ̀ ló kù kí wọ́n tú ìdí rẹ̀ kó tó lajú.

Lọ́sàn-án, gbogbo àdúgbò pàdé ní iléèwé fún ìrántí náà. Onígbàjámọ̀ ní ọjọ́ ìrántí kì í jí òkú, ṣọ́ọ̀bù alààyè ló kàn ń tì, àti pé egbò tó ti ń jiná, kí la ń ṣí i sí. Tíṣà ní egbò tí a bò láì fọ̀, ìdin ni yóò yọ. Wọ́n fà á títí. Ni ìyàwó télọ̀ bá dìde, obìnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń rántí, àwa yòókù la nílò ọjọ́ kan. Ó ní ohun tóun ń fẹ́ ò ju kí ẹnì kan sọ ní gbangba pé ọkọ òun kò jalè. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó ní ọkùnrin náà kò jalè. Bàbá rẹ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á.

Bí mo ṣe ń padà sílé ni fóònù mi dún, ilé-iṣẹ́ tó ni láìnì rẹ̀ ló kọ̀wé sí mi pé àwọn náà ń rántí àwọn tí wọ́n pa. Háà, mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ télọ̀! Mo sáré padà lọ fi han ìyàwó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní gbogbo ayé ni wọ́n fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Mo ní ṣé kò wá yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ ni? Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọn ò tíì fèsì. Bí ọ́fíìsì wọn ò bá jìnnà sí ọ, yà kí wọn.

Páànù yàrá wa ti ń jò o, orí ibùsùn gan-an ló ń jò sí. Fi ohun tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́.

Ìwọ náà, àjèjì ni ọ́ níbẹ̀. Bí o bá gbọ́ igbe olè, má bá wọn sáré, kọ́kọ́ béèrè. Wàá pẹ́ láyé. Kí ìjọba má rí ìdí kankan láé láti ya ọjọ́ sọ́tọ̀ nítorí rẹ. Ọjọ́ ìbí rẹ ti tó wa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.