Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Ahéré

Dádì mi àtàtà,

Mi ò mọ irú ìkíni tí wọ́n ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà báyìí, nítorí náà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.

Mo gun òkè. Èmi náà, Dádì! Èmi àti Ciara, ọmọ Ireland tó wà nílé kejì wa ní Balbriggan, la jọ lọ sí àwọn òkè Wicklow lọ́jọ́ Sátidé, a sì sùn mọ́jú nínú ahéré olókùúta kan tó dá wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè wọ̀ sí. Mo mọ ohun tí ẹ máa bi mí: ọjà wo ni wọ́n ń ná lórí òkè náà tí ènìyàn á fi ru ẹrù lọ síbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń bi Ciara nígbà tó bá ti òkè dé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Kò sí ọjà, sà. Àgùntàn la bá níbẹ̀, àti òjò.

Ẹ má rò pé fàájì ló gbé mi lọ. Ilẹ̀kùn yàrá yín ló lé mi jáde nílé. Láti ìgbà tí a ti sin yín, Mọ́mì ò tíì wọ ibẹ̀. Orí àga pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ní kí n wọlé lọ kó aṣọ yín, kí a fi tọrẹ. Èmi ni àkọ́bí, ta ni wọn ì bá tún rán? Àìmọye ìgbà ni mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn mú, tí mo sì padà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ̀yin lẹ ní a kì í wọ ibi tí ènìyàn ń gbé láìkágò. Gbogbo ilé àdúgbò wa ló ní aago lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò tẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ ó fi ohùn ńlá yẹn kágò, àwọn aládùúgbò á yọjú lójú fèrèsé, ojú á sì máa tì mí. Kódà ilé tiyín, tẹ̀yin ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹ máa ń kágò kí ẹ tó wọlé láti ibi iṣẹ́. Tí èmi bá sì kágò lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, ẹ ti máa dáhùn kí n tó sọ ọ́ tán. Mi ò fẹ́ gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe máa dákẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ.

Ciara ló rí i pé mo ń rù, ló bá ní kí n wá bá òun rìn. Òjò pa wá láti ìsàlẹ̀ dókè. Gààrí tí mo gbé dání ti mumi yó kí a tó bu omi sí i. Ciara ní gbogbo rẹ̀ grand, pé ó dáa bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń sọ nígbà tí nǹkan ò bá dáa rárá.

Nígbà tí a rí ahéré náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré ṣíwájú, èmi ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, mo ṣàdédé kágò. Ahéré tí kò ní onílé! Ni ohùn kan bá dáhùn láti inú: Àgò yà o. Ciara ni, pẹ̀lú ahọ́n Dublin rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín; ó ń tú ẹrù, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ṣé ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ẹ ò ní jẹ́ kó wọlé wá bá mi ṣeré àfi tó bá kágò? Èmi ti gbàgbé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú òjò, mo sunkún títí ó fi po tíì tán. Ta lẹ tún kọ́ ní ìlú yìí, Dádì? Ṣé àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ náà ń dáhùn?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo délé. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí mo fi lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín. Mo kágò. Ibẹ̀ dákẹ́ lóòótọ́. Mo dúró díẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ wa, mo sì wọlé. Sálúbàtà yín ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó síbi tí ẹ máa ń sùn sí.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ Mọ́mì. Wọ́n dúró síta, wọn ò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó yín, Dádì, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ara wọn, wọ́n rọra kágò.

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá tó lè dá wọn lóhùn. Mo ní àgò yà, Mọ́mì, ẹ wọlé. Wọ́n sì wọlé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó wà nílé.