Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Lẹ́yìn Máṣíìnì Ìránṣọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ mi ní kí n kí ẹ; orúnkún wọn ti ń san. Èmi náà ti ń rí oorun sùn, àyà mi ò sì já mọ́.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, mo rán apá méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára búláòsì nọ́ọ̀sì kan. Kò bínú. Ó ní ara mi nìkan ló jókòó, ọkàn mi ti rìnrìn àjò. Ó ní kí n máa jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀, kí n máa ṣọ́ èémí mi. Bí ọkàn bá ṣáko lọ, kí n rọra pè é padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ mi rò pé mò ń bá àwọn bínú ni, ni wọ́n bá fọ gbogbo abọ́ ilé. Mi ò tíì sọ òótọ́ fún wọn.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Lórí fóònù ní Sátidé, o ní, "Bá mi kí Màmá." Mo kàn ní, "Wọ́n á gbọ́." Àbúrò mi, ọdún kejì rèé tí ìwọ fúnra ẹ da yẹ̀pẹ̀ sí ibojì wọn.

Jọ̀ọ́, dín iṣẹ́ kù, kó o sì máa jókòó bíi tèmi. Ọlọ́run tó mú ẹ dé òkè òkun lọ́hùn-ún á mú ọkàn ẹ náà dé bá ẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ, aránṣọ.