Orin Bàbá Wa Nínú Kọ̀ǹpútà Àjèjì

Wáyà, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín dá ṣáṣá, àti pé iná tí ò ń tún ṣe kiri kò tíì gbé ọ. Ara tèmi náà le, ọkàn nìkan ni kò balẹ̀. O máa ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá pè ọ́, ìwọ nìkan lo máa sọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni. Dókítà elétí ní etí ọ̀tún ti di, tòsì náà ń lọ, kò sì sí oògùn tó máa dá a padà. Màmá kò sunkún o. Ohun tó sọ ni pé, "Kí etí mi tó di pátápátá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn bàbá yín lẹ́ẹ̀kan sí i." O mọ̀ pé àwo kan ṣoṣo ni Bàbá kọrin sí kó tó kú, ìgbà tí a sì ń kó kúrò nílé àtijọ́ ló fọ́. Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ ni n kò ti lè jókòó.

Mo kọ́kọ́ tẹ̀lé ìmọ̀ràn rẹ, mo lọ sórí áàpù tí wọ́n ń sanwó oṣù fún. Orin náà wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ ìwòyí ló tún un kọ. Màmá gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní, "Ta ló ń lé wọn?" Mo pa á. Mo tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra orin. Wọn ò gbọ́ orúkọ Bàbá rí.

Ló bá ku èyí tí o ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, tí àwọn èèyàn fi ń mú orin látinú kọ̀ǹpútà ara wọn. O ní ó máa kó kòkòrò bá kọ̀ǹpútà mi, o tún ní olè ni. Wáyà, orin bàbá ẹni, ṣé ó di olè? Mo ṣí i. Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan péré ló ní in! Mo pariwo débi pé oníbàárà tí mo ń dìrí fún fò dìde, ó rò pé mo rí ejò ni.

Mo tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. Mo tún un tẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin tó ní orin náà kọ̀wé sí mi: "Ẹ fẹ́ gbà, ẹ ò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ kí ẹlòmíràn mú. N kì í fún ahun ní nǹkan." Èmi, ahun! Àṣé ìwọ lo ti àpò tí orin tèmi wà nínú kọ̀ǹpútà pa nígbà tí o wá bá mi tò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mú. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. O ò mọ̀yẹn? Mo ṣí àpò náà gbayawu, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé nítorí etí ìyá mi ni.

Orin bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, díẹ̀díẹ̀. Mo máa di irun díẹ̀, mo máa sáré lọ wò ó. Ó máa dúró, èmi náà máa dúró tì í. Oníbàárà ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ rántí pé orí mi ò tíì tán o." Ó wọlé tán, kò sì sí kòkòrò kankan.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà sítòsí Màmá, mo tan orin náà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ orin, omi bọ́ lójú mi. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó yá, tàn án, mo ti ń dúró." Bẹ́ẹ̀ mo ti gbé ohùn rẹ̀ dé òpin. Ni mo bá gbé e ti etí òsì rẹ̀ gan-an. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Wáyà! Ọmọ mi ti dé?" Ó dìde, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ohùn rẹ kúkú jọ ti Bàbá; n kò lè sọ fún un pé Bàbá ni. Ó ṣì ń bi mí ibi tí o wọlé sí. Má fi owó ránṣẹ́, má pè. Wá.

Ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní nà ọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí o bá etí yẹn láyè.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Mo gbàgbé: tí o bá dé, apá òsì rẹ̀ ni kí o jókòó sí. Má pariwo. Sún mọ́ ọn.