Bàbá Ní Àlàáfíà Ni

Àǹtí mi Ṣìkẹ́mi,

Ẹ kú àárò ilé. Mo kí Bùọ̀dá, ọkọ yín, àtàwọn ọmọ. Omi òjò wọ yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀ níjọ́sí, ṣùgbọ́n a ti gbọ́n ọn tán. Ọrùn ẹsẹ̀ Màámi tó wú náà ti wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní, "Bàbá, ṣé dáadáa lẹ wà?" Bàbá rẹ́rìn-ín: "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́ o. Ilé ńkọ́?" Dókítà ti fẹ́ pe ẹlòmíràn wọlé.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n rò pé ẹ ń kí wọn ni. Àyà máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá gbẹ́rù ní wáàfù."

Bàbá wò mí: "Ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀, òní lo wá lẹ́nu?"

Dókítà yẹ Bàbá wò, ó ní àìsàn ọkàn ni, kí wọ́n má gbẹ́rù mọ́. Ní báyìí Bàbá ní ara òun ti yá, òun fẹ́ padà síbi iṣẹ́.

Ẹ bá mi pè wọ́n, tiyín ni wọ́n máa ń gbọ́. Ẹ má bi wọ́n bóyá ara le. Ẹ bi wọ́n pé ibo ló ń dùn wọ́n, kí ẹ sì dákẹ́ títí wọn á fi dáhùn.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa, kí Bàbá sì wà níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Adéṣẹwà